Ẹ̀rọ Tí Tahirah Fọwọ́ Sí

Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ọmọ tó mọ̀wé débi pé ìwé gan-an ń bẹ̀rù wọn, ẹgbẹ́ Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ wá lọ. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí èèyàn ń wọ̀ nítorí pé ó wù ú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ní yunifásítì ló ni ín, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bóyá ni ẹgbẹ́ fi ń mú mẹ́jọ lọ́dún. Máàkì rẹ gbọ́dọ̀ ga, ìyẹn nìkan kò sì tó. O gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ kan tó ti kú sí ilé ìwòsàn kékeré kan, kó o jí i dìde, kó o wá lẹ bébà aláwọ̀ ewé kan mọ́ ọn lára. Orí bébà yẹn ni wàá kọ orúkọ rẹ sí ní kíkún, tìrẹ àti ti bàbá rẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú lè mọ ẹni tó máa bínú sí. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò gbọ́n.

Tahirah Àbọ̀dé, ọmọ Fìdítì, wà nínú àwọn mẹ́jọ tọdún yìí. Ọdún kẹrin ló wà. Bàbá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Akinmọọrin, ìyá rẹ̀, Kùdírátù, ń ta ọṣẹ. Nínú ilé Àbọ̀dé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọmọ náà ń kọ́ gan-an, ṣùgbọ́n Bàbá ti wá gbólóhùn kan tó fi ń ṣàlàyé rẹ̀ ní mọ́sáláṣí. "Dókítà ń wo èèyàn," á ní, "ọmọ tèmi ń wo ohun tí dókítà fi ń wo èèyàn." Ó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi máa ń bá a parí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ọ́síjìn kan wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn. Ọdún méjì ló ti wà nínú yàrá ìkẹ́rù tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Irú ẹ̀rọ yìí kò ní gáàsì nínú. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà, á wá mú un gba inú ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n dì sínú àgólo méjì, bí ìgbà tí obìnrin ń jọ èlùbọ́. Èyí tí kò wúlò á dúró sẹ́yìn, ọ́síjìn á gba inú rọ́bà lọ sí imú aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun yẹn bá rin pẹ́nrẹ́n, ó parí. Ẹ̀rọ á máa kùn, afẹ́fẹ́ á máa jáde, afẹ́fẹ́ lásán ni, irú èyí tí gbogbo wa ń mí lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Nítorí ìyẹn ni ẹgbẹ́ Òṣùwọ̀n ṣe ra ẹ̀rọ ìwọ̀n kan tí kò tóbi ju fóònù lọ, tó ń sọ iye ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin wọn ni pé kí ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣiṣẹ́ fún odindi ọjọ́ kan, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó lẹ bébà. Ẹyọ ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Ọjọ́bọ̀ ni Tahirah tú ẹ̀rọ náà. Ó pààrọ̀ wáyà tí eku ti jẹ, ó fọ asẹ́ tí eruku ti dí, ó tún fáànù rẹ̀ so. Nígbà tó tan iná sí i, ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tahirah fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kò pẹ́ ni iná pupa kan tàn níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ wá ń ké fíín, fíín, kò sì dákẹ́. Ó pe Olúdáre lórí fóònù. Olúdáre ni ààrẹ ẹgbẹ́, ọdún tó máa jáde ló wà. Ìlọrà ló wà lọ́jọ́ náà, òun náà ń tún irú ẹ̀rọ kan náà ṣe níbẹ̀, ìwọ̀n sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Dáre, iná pupa ò kú o. Ó ń ké ṣáá."

"Ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde?"

"Ó ń jáde."

"Ki rọ́bà ẹ̀ bọ inú ife omi. Ṣó ń hó?"

"Ó ń hó dáadáa."

"Sẹ́ńsọ̀ ni. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ọ́síjìn nínú irú ẹ̀rọ yẹn kì í pẹ́ bàjẹ́, a ti rí tó mẹ́ta. Èyí tó wà níwájú mi níbí náà, bó ṣe ń ké nìyẹn. Yọ wáyà ẹ̀ jàre."

"Ìwọ̀n ńkọ́?"

"Màá gbé e wá sí Fìdítì lọ́jọ́ Ajé. Lẹ bébà ẹ ná. Ọ̀la la máa ti orúkọ àwọn tó fẹ́ wọlé pa, ṣó o fẹ́ dúró de ọdún tó ń bọ̀ ni?"

Tahirah ò fẹ́ dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ó yọ wáyà, igbe dákẹ́, ó sì lẹ bébà. Ẹ wò ó, àṣìṣe òpè kọ́ nìyẹn. Bí òpè bá gbọ́ igbe ẹ̀rọ, á sá. Ọ̀mọ̀wé ló máa gbọ́ igbe, tá á sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kóun ka igbe náà sí. Nọ́ọ̀sì Morìnsọ́lá, obìnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀, gbàdúrà fún un títí ó fi ń tijú. Bàbá rẹ̀ wá láti oko tòun ti bàtà ẹrẹ̀, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sì na ìka sí ibi tí wọ́n kọ Àbọ̀dé sí.

Ọjọ́ Ajé dé, Olúdáre ò dé. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Ọjọ́rú dé, ó ní ètò ayẹyẹ ìgbawọlé ti gba òun lọ́kàn. Tahirah ò béèrè mọ́. Ká sọ òótọ́, kò béèrè nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí pé òun ti rú òfin.

Ayẹyẹ náà bọ́ sí Sátidé, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan n'Ìlọrà, nítorí ìlú tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ lọ́dún kan ni wọ́n ti máa ń gba èèyàn wọlé. Ẹsẹ̀ ò gbèrò. Àwọn tíṣà wọn wà níjókòó, àwọn òbí náà wá. Bí wọ́n bá pe ọmọ kan, á dìde, á dárúkọ ìlú àti ẹ̀rọ rẹ̀. Ààrẹ á béèrè pé, "Ta ló jẹ́rìí ẹ̀?" Ọmọ á dáhùn pé, "Èmi ni mo jẹ́rìí ẹ̀." Gbogbo ẹgbẹ́ á wá pariwo pé, "Ó ń mí!"

Ó ku èèyàn méjì kó kan Tahirah ni ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó sá bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọ́ ọ.

"Bàbá ẹ ni, Tahirah. Òtútù àyà ló mú un. Láti àná ló ti ń mí hẹlẹ."

"Láti àná! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

"Òun náà ló ní ká má dà ẹ́ láàmú, pé o ní ayẹyẹ. Fọkàn balẹ̀. A ti rí mọ́tò tó máa gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó ní òun ò lọ. Ó ní ṣé òun á fi ẹ̀rọ ọmọ òun sílẹ̀ nílé, kóun máa wá tàjèjì lọ. Ó ti wà lára ẹ̀ báyìí, a ti ń ṣọpẹ́."

Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, ohùn náà fúyẹ́. "Ẹ̀ńjíníà! Tìẹ ni mò ń mí o!"

Tahirah rẹ́rìn-ín, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó dárúkọ Fìdítì, ó dárúkọ ẹ̀rọ. "Ta ló jẹ́rìí ẹ̀?" "Èmi ni mo jẹ́rìí ẹ̀." Gbọ̀ngàn mì tìtì: "Ó ń mí!"

Lẹ́yìn náà ni Olúdáre bọ́ síwájú láti sọ̀rọ̀ ìdágbére gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tó wà n'Ìlọrà níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí," ó ní. "Ó ń ké. Èmi ààrẹ, mo ní sẹ́ńsọ̀ ni. Mo yọ wáyà ẹ̀ dànù. Mo ki rọ́bà bọ omi, ó ń hó bí ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, mọ́kànlélógún! Bí afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngàn yìí gẹ́lẹ́! Sẹ́ńsọ̀ ò ṣẹ̀, òótọ́ ló ń sọ látàárọ̀. Ìyẹ̀fun inú ẹ̀ ló ti rin. Ìgbà tá a pààrọ̀ ẹ̀ ló tó gun mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó ṣẹlẹ̀ pé Olúdáre gbójú sókè lákòókò yẹn, ó rí Tahirah tó dìde dúró láàárín àwọn tó jókòó, ẹ̀rín sì gbẹ lójú òun náà. Ó ti gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ti mọ̀, ó sì gbàgbé láti sọ fún un.

Tahirah kò dúró gbọ́ àwíjàre. Ìwọ̀n wà lórí tábìlì níwájú, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí fún àlejò láti wò. Ó gbé e, ó sì sáré jáde. Ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó rí ló gùn.

"Fìdítì jìnnà o, àbúrò," ọlọ́kadà ní.

"Ẹ ṣáà máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Orí ọ̀kadà ló ti pe Nọ́ọ̀sì Morìnsọ́lá. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ yọ ọ́ nímú wọn. Kò sí ọ́síjìn níbẹ̀. Ẹ gbé wọn sí mọ́tò, kẹ́ ẹ máa gbé wọn bọ̀ n'Ìlọrà, ẹ̀rọ tó dáa wà ńbí."

"Tahirah, kí lò ń wí? Mo fọwọ́ kan ẹnu rọ́bà, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́."

"Atẹ́gùn lásán ni, mà!"

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka aláìsàn láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gba ọ́síjìn sí kò sí nílé ìwòsàn náà, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo èèyàn. Tahirah gbọ́ tó ń bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ èsì Bàbá náà, díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan, èémí kan: "Ẹ̀rù... ayẹyẹ... ló ń bà á. Ẹ má yọ ọ́. Ọmọ mi... ti fọwọ́ sí i."

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ìgbà tí Tahirah ń kọ orúkọ sórí bébà, ta ló rò pé á lò ó? Aláìsàn ni. Aláìsàn kan ṣá, tí kò lójú, tí kò lórúkọ. Lórí ọ̀kadà yẹn, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀rọ tòun yàtọ̀ sí tÌlọrà. Ó mọ̀ pé òrùlé yàrá ìkẹ́rù yẹn ń jò. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ẹ̀yìn. Ètè rẹ̀ ti ń dú bí aró. Gbogbo ọrùn rẹ̀ ń bá a mí. Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, kò ké, kò sóhun tó lè fi ké mọ́. Tahirah fi ìwọ̀n sẹ́nu rọ́bà. Ó ń retí kí nọ́ḿbà náà gòkè. Kò gòkè. Mọ́kànlélógún ló dúró sí, ó ń wò ó lójú.

"Èló ló sọ?" Bàbá béèrè.

"Kò dáa, Bàbá. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá na ọwọ́ sí i kó lè fa òun dìde. "Ó dáa," ó ní. "Ká lọ nígbà náà." Bó ṣe gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́ náà ló ṣe gba èyí gbọ́. Kò béèrè ìdí.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, ó gbórí lé Tahirah lẹ́sẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà sáré débi tí mọ́tò lè sáré dé. Kùdírátù jókòó síwájú, ó ń ka àdúrà láìdánu dúró. Tahirah ń ka èémí bàbá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọjá Akinmọọrin, ó ka èyí tó kẹ́yìn, ó sì ń dúró de èyí tó máa tẹ̀ lé e. Ó dúró pẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́tò ń sáré lọ sí Ìlọrà, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n wọ̀n wà, òun nìkan ló sì mọ̀ pé kò sí ìdí fún eré mọ́. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bojú wẹ̀yìn ni Tahirah tó bú sẹ́kún.

Wọ́n sin Àbọ̀dé kí oòrùn tó wọ̀, bí ìsìnkú mùsùlùmí ṣe yẹ kó rí.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúrà, Tahirah sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún Bàbá Ahmad, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní òun lòun pa á. Ó ṣàlàyé iná pupa, ó ṣàlàyé wáyà. Bàbá Ahmad gbọ́ ọ dópin, ó sì mi orí. "Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀," ó ní. "Ọjọ́ ló pé, ọmọ mi. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fi kún un, kò sí èyí tó lè dín in kù."

Kùdírátù ò dà bíi rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ yé. Ojú rẹ̀ ló fi hàn. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó ní, "Ó ń yangàn títí ó fi kú. Ṣé wàá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ̀? Má tún sọ ọ́ mọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Olúdáre àtàwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wá kí wọn. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí Tahirah dání nínú féréèmù, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń mọ ọmọ ẹgbẹ́. Kùdírátù gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé e ti ògiri. Olúdáre fa Tahirah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó hàn pé kò tíì sùn. "Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi," ó ní. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jẹ́ kó jáde. Ẹ̀rọ ọ́síjìn mọ́kànlá lorúkọ ẹgbẹ́ wà lára ẹ̀. Bó bá jáde, wọn ò ní jẹ́ ká wọ ilé ìwòsàn kankan mọ́."

"Nínú mọ́kànlá yẹn, mélòó lẹ yọ wáyà ẹ̀?"

Tahirah gbé ìwọ̀n fún un, ó ní kó lọ wọ̀n wọ́n, kó lọ lónìí, kó má kọ́kọ́ padà sílé. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ó lọ, bóyá kò lọ, Tahirah ò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbéra, ó forí lé ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ lọ ya bébà yẹn kúrò, ó kéré tán.

Ẹ̀rọ wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Nọ́ọ̀sì Morìnsọ́lá fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó kí Tahirah kú ọ̀fọ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sì dúró tì í nígbà tó ń fi èékánná ha bébà náà kúrò.

"Báyìí lẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe," ó ní láti tù ú nínú. "Ó lè ṣiṣẹ́ lánàá kó má ṣiṣẹ́ lónìí. Ta ló mọ̀ pé Sátidé yẹn ló máa bàjẹ́?"

Tahirah ì bá gba ìtùnú yẹn. Ó wà níbẹ̀ fún un, ó kan kó gbà á. "Kì í ṣe Sátidé ló bàjẹ́, mà," ó ní. "Kò tíì dáa rí. Láti ọjọ́ tí mo ti lẹ bébà."

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga rẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó mú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí jáde. Ó ṣí i sẹ́yìn, ojú ewé kan, òmíràn. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn orúkọ.

"Mẹ́rin ló ti lò ó," ó sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ò dún dáadáa. "Bàbá yín ni ìkẹrin. Àwọn méjì ti lọ sílé." Ó yí ìwé náà sí Tahirah, ó fi ìka lé orúkọ tó kù. Ọmọ oṣù méje ni. "Ìbejì ni. Táíwò ni wọ́n gbé wá. Ìyá ẹ̀ ní òun fẹ́ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó ti pọ̀n ọ́n, Tahirah. Èmi ni mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ti dé."

Ohùn àwọn ìyá tó wá gba abẹ́rẹ́ fọ́mọ ń wọlé láti ìta.

"Ó wà níta yẹn," Nọ́ọ̀sì ní. "Ummu-Salamah. Ó gbé Kẹ́hìndé wá gba abẹ́rẹ́. Ṣé kí n pè é wọlé ni?"

"Rárá, mà. Ẹ jẹ́ n lọ bá a."

Ummu-Salamah ò ju Tahirah lọ lọ́jọ́ orí. Bó ṣe rí i tó yọjú, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì tòun tọmọ. "Tahirah! Ẹ kú ọ̀fọ̀ Bàbá. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ó ti ń wù mí kí n rí ẹ, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Dúpẹ́ kí ni?"

"Tẹ̀rọ yẹn ni. Ìgbà tí Táíwò mi lọ, mo ní ṣé èmi kọ́ ni mi ò tètè gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Nọ́ọ̀sì ní rárá, pé ẹ̀rọ wà lára ẹ̀, pé kò sóhun tí wọn ì bá ṣe lọ́hùn-ún tá ò ṣe níbí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń rí oorun sùn."

Tahirah di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ronú kan ìyá rẹ̀, ó ronú kan Olúdáre, ó sì rí i pé gbogbo wọn ló ní ìdí tó fi yẹ kóun dákẹ́, àti pé èyí tó wà níwájú òun yìí ló ní ìdí tó dáa jù.

"Jókòó, Ummu-Salamah," ó ní. "Jọ̀ọ́, jókòó."

Ummu-Salamah jókòó. Ó gbé ọmọ tó kù lé itan, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe fún un, ó sì gbójú sókè tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ń retí ohun tó fẹ́ sọ.